Nọ́ńbà Àkáǹtì Tí Bàbá Sol-bi Fi Pamọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé tí ẹ fẹ́ tà, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dé òpin. Ẹ lè rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ẹ jẹ́ kó wọ̀ yín létí.

1.
Ní ìlú Jeonju níbí, ní ilẹ̀ Kòríà, Maeng Sang-gu, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Sol-bi, fẹ́ ta fúláàtì rẹ̀. Àjà karùn-ún ló wà, àtẹ̀gùn nìkan la sì fi ń gòkè ibẹ̀. Orúnkún ìyàwó rẹ̀ kò gbà á mọ́. Obìnrin náà ti rí ilé ilẹ̀ kékeré kan tó ní àgbàlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọkàn rẹ̀ sì ti lọ síbẹ̀ pátápátá. Opó tó ni ilé náà ní òun á dúró dè wọ́n di àsìkò tí a máa ń ṣe kimchi ọdún, ìyẹn kábéèjì tí a ń fi iyọ̀ àti ata pa mọ́ de ìgbà òtútù. Tó bá kọjá ìgbà yẹn, òun á tà á fún ẹlòmíì.

Àádọ́jọ mílíọ̀nù wọ́ọ̀nù, owó ilẹ̀ wa, ni Ìyáàfin Tak, ajẹ́ńtì wọn, ní kí wọ́n pe fúláàtì náà. Iye tí àwọn aládùúgbò ń ta tiwọn nìyẹn.

2.
Tọkọtaya kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó wá wò ó. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún.

"Bàbá Sol-bi, ẹ kú oríire! Wọ́n ti gbà, wọn ò tiẹ̀ ná an. Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì yín ránṣẹ́ kí wọ́n san àsansílẹ̀."

Ẹ gbọ́ nǹkan o! Dípò kí ọkùnrin yìí dúpẹ́, ṣe ló fajú ro.

"Wọn ò ná an? Á jẹ́ pé mo pè é kéré jù! Ẹ fi mílíọ̀nù mẹ́wàá lé e, màá fi ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré."

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Lọ́dọ̀ wa, tí àsansílẹ̀ bá ti wọlé, onílé tó bá yí ohùn padà á dá a padà ní ìlọ́po méjì. Ló bá fi nọ́ńbà pamọ́.

Àwọn ọmọ náà ṣa owó jọ, wọ́n tún gbà. Ó tún fi mẹ́wàá lé e. Ni ìyàwó ọ̀dọ́ bá gba fóònù lọ́wọ́ ajẹ́ńtì.

"Bàbá, ẹ máa gbé ilé yín o!"

Wọ́n lọ ra fúláàtì tó wà nísàlẹ̀ tirẹ̀ gan-an, ní àádọ́jọ. Ojoojúmọ́ ló ń pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn.

3.
Ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò wá wo ilé mọ́. Kábéèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kún ọjà, opó náà sì pè: "Ìyá Sol-bi, ọ̀sẹ̀ yìí ló kù o."

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bú sẹ́kún.

"Bàbá Sol-bi, ṣé owó yẹn ló máa gbé mi pọ̀n?"

Ojú tì í. Òun fúnra rẹ̀ ló pe ajẹ́ńtì.

"Ẹnì kan wà," ni Ìyáàfin Tak wí, "àmọ́ ogóje mílíọ̀nù ló fẹ́ san..."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, nọ́ńbà àkáǹtì ti wọ fóònù rẹ̀.

4.
Ẹ bá Ìyá Sol-bi yọ̀! Ilé ilẹ̀ di tirẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí ọkọ rẹ̀ ń lérí pé òun á rà ló bá owó tó dín lọ. Ọmọlanke ló fi ti kábéèjì wọlé, ó lóṣòó, ó ń fi ata kùn ún.

"Àna wa," ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ wí, "èló lẹ pe kábéèjì yìí? Tí a bá gbà, ẹ ò ní fi mẹ́wàá lé e?"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń talé, ẹ béèrè iye tí ará àdúgbò ń tà, kí ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tó tètè gbà kì í ṣe ọ̀tá yín. Orí ló kó Ìyá Sol-bi yọ, ẹ má fi tiyín dán an wò. Ẹ fi èyí han ẹni tó ń talé lọ́wọ́: àṣejù, baba àṣetẹ́.