Igi Tí Màmá Adétutù Ń Wẹ̀

Ó ti pé ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti gbin àwọn igi wọ̀nyí, ìdílé kan igi kan, síbẹ̀ oko ni òfin ṣì ń pe ibẹ̀. Oko ṣeé gé; igbó kò ṣeé fọwọ́ kàn. Kò sì ní di igbó títí ewé wínníwínní tó máa ń bo èèpo igi yóò fi padà sára gbogbo wọn. Iṣẹ́ tèmi ni láti gbé ẹ̀rọ ìgbọ́ lé igi kọ̀ọ̀kan, kí n gbọ́ bóyá ewé náà ń mumi.

Gbogbo igi ló dáhùn láàárọ̀ yẹn, àfi igi afàrà kan tí ara rẹ̀ ń dán bí àwo.

"Ta ló ni èyí?" ni mo bi àwọn tó dúró níbẹ̀.

"Èmi ni," ni Màmá Adétutù dáhùn, inú rẹ̀ dùn. "Gbogbo Sátidé ìmọ́tótó ni mò ń fi omi àti kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́. Ẹ wo tàwọn aládùúgbò mi bó ṣe hurun. Ọ̀bùn ni wọ́n."

Mo ṣàlàyé fún un pé ewé tí òfin ń dúró dè gan-an ló ń wẹ̀ dànù. Ó yíjú wo kànìnkànìn rẹ̀ tó fi kọ́ ẹ̀ka, tó tutù, tó ti ní àwọ̀ ewé. Mo gbé ẹ̀rọ lé kànìnkànìn náà lórí, bí ẹni ń ṣeré. Mo gbọ́ ọ: pí, pí, pí, ewé ń mumi nínú rẹ̀.

Mo ki ẹ̀rọ náà bọ Màmá létí. Ó di ojú, ó gbọ́ ọ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó so kànìnkànìn náà mọ́ ara igi rẹ̀, bí ìyá tó ń pọnmọ.

"Padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọmọ mi," ó ní. "Èmi náà á ti di ọ̀bùn."