Dáyámọ́ńdì Mẹ́ta

Ohun tí Bímbọ́lá sọ fún Kíkẹ́ lẹ́yìn ìsìn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti ba oúnjẹ ọ̀sán jẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Bímbọ́lá ní òun rí ọkọ̀ Títílọpẹ́ ní Oǹdó, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí Títílọpẹ́ kò bá wá síbi ìdánrawò káàdì, ohun tó máa ń sọ ni pé òun lọ wo ìyá òun tó ń ṣàìsàn ní Ìjù, tí kò sí lójú ọ̀nà Oǹdó rárá.

"Èmi ò sọ nǹkan kan o," Bímbọ́lá ní. "Ọkọ̀ ni mo ní mo rí."

Kíkẹ́ àti Títílọpẹ́ ti jọ ń ta bírìjì, eré káàdì, láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń ṣe tíṣà. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa lọ sí Oǹdó láti bá Májẹ́kódùnmí àti Bísọ́dún figagbága, kí wọ́n lè mọ àwọn méjì tó máa ṣojú ìpínlẹ̀ ní Àbújá. Ọdọọdún ni àwọn ará Oǹdó yìí ń nà wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, Kíkẹ́ rò pé àwọn ti rí ọgbọ́n ta.

Nínú bírìjì, ẹni méjì ló ń bá ẹni méjì jà, èèyàn kò sì gbọdọ̀ rí káàdì ẹnìkejì rẹ̀. Ìpè ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí Kíkẹ́ bá pe háàtì kan, tí Títílọpẹ́ wá pe nó-tíróńpù méjì, ohun tó ń wí ni pé: háàtì rẹ bá tèmi mu, ọwọ́ mi sì le, irú káàdì wo ni o kò ní? Gbogbo ayé ló mọ ìyẹn, gbogbo ayé ló sì ń dárúkọ èyí tí wọn kò ní gan-an. Àwọn méjèèjì yìí ti yí tiwọn po. Ẹni tí kò ní kílọ́ọ̀bù á pe dáyámọ́ńdì, ẹni tí kò ní dáyámọ́ńdì á pe sípéèdì, ẹni tí kò ní sípéèdì á pe kílọ́ọ̀bù. Pálọ̀ Títílọpẹ́ ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́, ni wọ́n ti hùmọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí òjò sé wọn mọ́lé, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ti ń fi dánra wò. Wọ́n bá ara wọn mulẹ̀ pé ẹnì kẹta kò ní gbọ́ ọ títí di ọjọ́ ìdíje.

Nílé Kíkẹ́ pàápàá, ta ni ì bá sọ ọ́ fún? Gbémiga ọkọ rẹ̀, tó ń ra kòkó ní Oǹdó, tó sì ń wálé lópin ọ̀sẹ̀, kò mọ ọba yàtọ̀ sí jáàkì. Bó bá bá káàdì lórí tábìlì, á ní kí wọ́n kó páálí kúrò kóun jẹun.

Títílọpẹ́ nìkan ló kù. Ó dun Kíkẹ́ wọra. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Kò bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní nǹkan kan. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i ná.

Ní Oǹdó, eré náà le títí ó fi ku ìpín kan ṣoṣo. Kíkẹ́ ṣí ọwọ́ rẹ̀ wò: háàtì rọ̀gbà yí i ká, kò sì sí kílọ́ọ̀bù kankan níbẹ̀. Ó pe háàtì kan.

"Nó-tíróńpù méjì," Títílọpẹ́ dáhùn.

"Dáyámọ́ńdì mẹ́ta."

Títílọpẹ́ fọwọ́ kan tábìlì, bí òfin ti wí, kí alátakò lè mọ̀ pé ìpè náà ní àrà nínú, kó sì béèrè. Májẹ́kódùnmí juwọ́.

"Mo mọ̀ ọ́n, màdáàmù. Kò ní dáyámọ́ńdì. Ọmọ kékeré ni mo ti ń ta á."

Títílọpẹ́ fò gòkè sí háàtì mẹ́fà: sílámù, ìlérí pé wọ́n á kó méjìlá nínú ìgbà mẹ́tàlá tí wọ́n máa sọ káàdì, tí háàtì á sì máa pa gbogbo yòókù. Kíkẹ́ ń wo ọwọ́ Májẹ́kódùnmí bí ẹni ń wo ẹnu adájọ́. Dáyámọ́ńdì ló lè pa wọ́n. Bí ó bá fi dáyámọ́ńdì bẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé Títílọpẹ́ ti tú àṣírí.

Áàsì kílọ́ọ̀bù ló sọ sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Kíkẹ́ fi háàtì kékeré pa á, ó sì kó méjìlá. Bísọ́dún yí sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ní, "Wọ́n kan tábìlì fún ẹ! Kí ló ṣe ẹ́ tó ò béèrè?" Kíkẹ́ kò gbọ́ tiwọn mọ́. Ojú ń tì í débi pé kò lè wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. "Títí, mo ṣẹ̀ ẹ́. Bímbọ́lá ní òun ń rí ọkọ̀ ẹ ní Oǹdó. Mo rò pé o ti tà wá fún wọn ni. Jọ̀ọ́, foríjì mí."

Títílọpẹ́ dá ọkọ̀ dúró lẹ́bàá títì, ó gbé orí lé sítíà, ó sì bú sẹ́kún.

"Má bẹ̀ mí, Kíkẹ́. Nítorí Ọlọ́run, má bẹ̀ mí."

Kíkẹ́ tú gèlè ara rẹ̀, ó fi nù ún lójú. Irú ọ̀rẹ́ báyìí ni òun fẹ́ tìtorí ẹnu Bímbọ́lá pàdánù.

Nígbà tó délé, Gbémiga ti gbé ọbẹ̀ kaná dè é. Inú Kíkẹ́ dùn débi pé, fún ìgbà àkọ́kọ́, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó ń ròyìn káàdì fún un.

"Bàbá Ayọ̀mikún, ẹ gbọ́ ná, bí kò bá tilẹ̀ yé yín. Mo pe háàtì kan. Títí ní nó-tíróńpù méjì. Èmi náà ní dáyámọ́ńdì mẹ́ta!"

"Ẹn-ẹ́n," Gbémiga ní, bó ṣe ń yọ eegun ẹja kúrò lẹ́nu, "Títí á ti mọ̀ nígbà yẹn pé kílọ́ọ̀bù ni o ò ní."