Ẹ Tètè Fi Í Pamọ́

Oníkọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ kan pa orúkọ ọ̀gá rẹ́ lórí ìkànnì wọn, ó tẹ “Baba Ahanrun-bí-Jẹnẹrétọ̀” dípò rẹ̀. Akọ̀wé tó jókòó tì í fọwọ́ bo ẹnu.

“Gbogbo ayé á rí i o.”

“Ta ló máa rí i? Mo ti sọ fún kọ̀ǹpútà kó má tọ́jú nǹkan kan fúnra rẹ̀ mọ́. Tí a ò bá tẹ bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ yìí ò ní kúrò níwájú wa. Ẹ jẹ́ ká rẹ́rìn-ín tán, màá pa á rẹ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àfi bí wọ́n ṣe gbọ́ bàtà ọ̀gá, kò-kò-kà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Oníkọ̀ǹpútà sáré lọ dínà, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sẹ́yìn:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè fi í pamọ́.”

Akọ̀wé wo ojú kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ “Fi Pamọ́” sí gàdàgbà. Ó tẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn.

Bí ọ̀gá ṣe wọlé ni fóònù rẹ̀ dún. Ìkànnì ló ń sọ fún un pé wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n sì ti fi í pamọ́. Ó kà á, ó tún un kà.

“Ta ló fi èyí pamọ́?”

“Èmi ni, sà,” ni akọ̀wé wí. “Àbúrò ló ní kí n fi í pamọ́.”

Ọ̀gá yíjú sí oníkọ̀ǹpútà.

“Ó dáa. Lọ fi ara tìẹ náà pamọ́.”