Ọdún Mẹ́fà ni Àmúdàtù Fẹ́

Nígbà tí Gbénga dé ilé Àmúdàtù l'Ẹ́nu Ọ̀wá l'Ékòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nínú bàtà, ọ̀rọ̀ tó ń sọ láti àárọ̀ sì ti sú òun fúnra rẹ̀. Ìjẹ̀bú ló ti wá, kò mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò náà. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ló ń gbé kiri: kí sáà aṣòfin má ṣe kọjá ọdún mẹ́rin, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe lò ju sáà méjì lọ l'Ábùjá. Ìtẹ̀ka méjì péré ló kù kí ìwé náà pé, ọ̀la ni wọ́n sì ń gbé e lọ.

Àmúdàtù fún un lómi, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

“Sáà méjì dáa,” ó ní. “Ọdún mẹ́rin yẹn ni n ò fẹ́. Ẹ kọ mẹ́fà.”

“Mẹ́fà kẹ̀, Màámá? Fún àwọn tí ò ṣe nǹkan kan fún yín?”

“Tẹ́ ẹ bá lè sọ ọ́ di mẹ́wàá, màá tẹ̀ ẹ́ kíá.”

Gbénga gbójú sókè. Fọ́tò méjì wà lára ògiri, Ọnárébù àdúgbò wà nínú méjèèjì. Orí ẹní ló jókòó sí nínú pálọ̀ yìí gan-an, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń tọrọ ìbò, àpò ìrẹsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti yé Gbénga wàyí: ẹni tó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

“Tó bá di mẹ́fà,” obìnrin náà bi í, “ṣé wọ́n á sún ìdìbò tó ń bọ̀ síwájú?”

“Bóyá.”

“Ashraf ọmọ mi á ti parí iṣẹ́ tó ń kọ́ nìyẹn, á ti kúrò l'Ékòó.”

Iṣẹ́ ni wọ́n ṣèlérí fún ọmọ náà, Gbénga rò. Inú bí i, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè jà. Ó dìde, ó dúpẹ́ omi.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Hàlímọ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì.

“Ọnárébù ti ra aládùúgbò yín,” Gbénga ní. “Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé ìrẹsì wá bá wọn. Mo rí fọ́tò ẹ̀.”

Hàlímọ̀ gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

“Àdúrà ọjọ́ kẹjọ òkú ló bá wọn ṣe,” ó ní, “lọ́dún tí ìbọn àwọn jàǹdùkú pa Mọ̀núrù ọmọ wọn nídìí àpótí ìbò, àti lọ́dún kẹrin sí i, nígbà tí wọ́n ṣá Muqtadir àbúrò rẹ̀ pa níbi ìdìbò tó tẹ̀ lé e, Ashraf nìkan ló wá kù.”