Orí Àgùntàn Tí Temirkul Jẹ

Temirkul kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn ipò, ó sì lè ta ẹnikẹ́ni kí ipò náà má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀rẹ́ Osmonaly, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ni, ilé wa ló sì ti ń jẹun láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jọ wọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba ní ilẹ̀ àwa Kírígísì.

Nígbà náà, ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé kí ọmọ Kírígísì máa jókòó sí ọ́fíìsì Kírígísì, kí a sì máa fi èdè wa kọ́ àwọn ọmọ wa níwèé. Osmonaly ni alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ lágbègbè wa, ó sì gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tọkàntọkàn. Temirkul ń pariwo rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, torí ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gbé èèyàn ga lásìkò náà, òun náà sì tipa bẹ́ẹ̀ di ọ̀gá lágbègbè wa.

Ìgbà wá yí padà. Ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé àwọn ọ̀tá kan fara pamọ́ sínú ẹgbẹ́, pé ẹ̀yà wọn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Wọ́n mú olùkọ́ kan ní àfonífojì tó tẹ̀ lé tiwa, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ bá ti dún lójú ọ̀nà, gbogbo wa á dákẹ́ títí yóò fi kọjá. Ìyá ọkọ mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí a dárúkọ olùkọ́ náà nínú ilé.

Ìgbà yẹn ni Kubat, ọmọ Osmonaly, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, a máa ń fi òwú so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, a ó sì gé òwú náà, kó má bàa kọsẹ̀ láyé. A pa àgùntàn, a pe èèyàn. Temirkul wọlé, ó kọjá lọ sí òkè yàrá, ó jókòó síbi tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, níbi tó jẹ́ ti bàbá àgbà ilé wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ yẹn mà jẹ́ ti bàbá," mo sọ fún un.

"Ìyàwó wa, àgùntàn ni bàbá ń dà," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èèyàn lèmi ń dà. Ta ló jù nínú wa?"

Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ la máa ń gbé orí àgùntàn fún. Ojú ti Osmonaly, ṣùgbọ́n ó gbé e síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Temirkul gé etí àgùntàn náà fún ọmọ, ó jẹ ojú rẹ̀, ara rẹ̀ yá gágá.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n pe ìpàdé láti yọ àwọn ọ̀tá kúrò nínú ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí gbogbo ará ìlú wá. Ẹ̀rù ń ba Temirkul pé wọ́n á rántí ariwo tóun ti pa lórí ọ̀rọ̀ Kírígísì, ó bá sáré kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Èmi àti Burulcha, ìyàwó Osmonaly, dúró lẹ́yìn. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀yin kọ́mírédì," Temirkul ní, "Osmonaly ń ṣèpàdé ẹ̀yà nílé rẹ̀. Ayẹyẹ ọmọ ló fi bojú. Ìjókòó wọn ní ipò, ẹran tí wọ́n pín ní ipò, bíi ti ayé àwọn ìjòyè tí a lé lọ."

"Ó mà jẹ oúnjẹ wa," Burulcha sọ sí mi létí.

Isabek ni alága tí wọ́n rán wá láti olú ìlú. Ọmọ Kírígísì bíi tiwa ni, ọmọ darandaran. Ó rọra gbójú sókè.

"Ta ni wọ́n gbé orí fún?"

Temirkul ò rò ó débẹ̀. "Wọ́n kàn... èmi ni wọ́n gbé e fún."

"Nínú ìdílé tìrẹ, ta lẹ máa ń gbé orí fún?"

"Ẹni tó ga jù níjókòó."

"Ìwọ lo sọ pé ìpàdé ọ̀tá ni. Ta wá ni olórí wọn?"

Osmonaly dìde. "Kọ́mírédì alága, kò sí ìpàdé kankan. Ọmọ mi ń rìn, a pa ẹran. Temirkul, ọ̀rẹ́ mi, sọ òótọ́ fún wọn."

Ká ní Temirkul sọ ọ́, bóyá àwọn méjèèjì ì bá sùn sílé wọn. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, á di ẹni tó purọ́ fún ẹgbẹ́, ipò rẹ̀ á lọ. Ó wolẹ̀.

"Ìpàdé ni," ó ní.

Inú ọkọ̀ akẹ́rù kan náà ni wọ́n kó àwọn méjèèjì sí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyàwó Temirkul ti dìde níwájú gbogbo èèyàn, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, pé orúkọ bàbá òun làwọn ọmọ òun á máa jẹ́. Kò sẹ́ni tó fún Temirkul ní ẹ̀wù òtútù. Ó ń gbọ̀n. Mo rí i tí Osmonaly ṣí ẹ̀wù tirẹ̀, tó fi apá kan bo ẹni tó tà á. Inú bí mi débi pé mo pẹ̀yìn dà, n ò sì rí ojú Osmonaly mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò sí èyí tó padà nínú wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ èyí, ẹ má fi orúkọ ẹlòmíràn ra ààbò fún ara yín. Irọ́ tí Temirkul fẹ́ fi pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pa òun náà. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìyà tó jẹ ẹ́ tu ẹnikẹ́ni nínú: Kubat dàgbà láìní bàbá. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ dákẹ́. Bí wọ́n bá fún yín láàyè láti sọ òótọ́, ẹ tètè sọ ọ́, kódà bó bá máa gba ipò lọ́wọ́ yín.