Àwo Tí Mùdáṣírù Tà Láì Gbọ́

Ní Ìkìrun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin, Mùdáṣírù ń ta àwo orin, ṣùgbọ́n kì í gbọ́ orin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ̀rún méjì àwo ló wà nílé rẹ̀, àwọn àwo dúdú ńláńlá tí àwọn bàbá yín àgbà fi ń jó, ó sì ń kéde wọn ní gbàǹjo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù nígbà tí àsìkò bá pé, òun ló ni ín. Àbùkù Mùdáṣírù kò ju ẹyọ kan lọ: iye tí wọ́n máa ra nǹkan nìkan ló ń rí lára nǹkan. Ó máa ń sọ pé, "Àwo tí abẹ́rẹ́ bá ti fẹnu kàn, owó rẹ̀ ti lọ sílẹ̀." Nítorí náà, ó ń fi ọ̀rá wé wọn bí ọmọ tuntun, ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ igbe rẹ̀.

Ìyá rẹ̀, Màmá Rábíátù, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́dún tí ọkọ Màmá, Jímọ̀ Àlàó oníṣòwò obì tó ti dolóògbé, ti Mẹ́kà dé, onísákárà kan kọrin kì í sínú àwo. Òjò ti ba àwo tiwọn jẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Màmá ti ń bẹ ọmọ rẹ̀.

"Mùdá, bá mi wò ó nínú àwọn tìrẹ. Mi ò rántí àwòrán ara páálí rẹ̀ mọ́, àmọ́ bí mo bá gbọ́ ọ, mo máa mọ̀ ọ́n."

"Kí n wá máa gbé wọn sórí ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan ni? Ọjà ni wọ́n o, Màmá, wọn kì í ṣe orin."

Lọ́jọ́bọ̀ kan, òyìnbó ará Jámánì kan borí nínú gbàǹjo àwo sákárà kan tí Mùdáṣírù kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ara rẹ̀ kò họ rárá. Owó náà tó ra alùpùpù. Kí òyìnbó tó san án, ó ní kí Mùdáṣírù lù ú díẹ̀ fún òun gbọ́ lórí fóònù. Mùdáṣírù mí kanlẹ̀, ó nu eruku ara ẹ̀rọ, ó gbé abẹ́rẹ́ lé e.

Màmá ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí olórin dé ibi tó ti ní, "Jímọ̀ Àlàó, tí í fún àlejò lóbì kó tó bi í lórúkọ," igbá ẹ̀gúsí dà nù. Màmá sáré wọlé láì wọ bàtà.

"Bàbá rẹ nìyẹn!"

"Màmá, mo ti tà á."

"Ta ló rà á?"

"Òyìnbó kan ni, ní Jámánì."

"Ó mọ bàbá rẹ ni?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá ń rà?"

Mùdáṣírù gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo.

Màmá jókòó. "Ó dáa. Bàbá rẹ kò ta ọjà kó tún yẹhùn rí. Fi ránṣẹ́ sí i. Àmọ́ kí àwọn agbẹ́rù tó wá gbé e lọ́jọ́ Ajé, jẹ́ kí n máa gbọ́ ọ."

Ta ló fẹ́ sọ pé rárá? Màmá gbọ́ ọ láàárọ̀, ó gbọ́ ọ lọ́sàn-án, ó ń bá olórin gbè é. Ṣùgbọ́n Mùdáṣírù kò pààrọ̀ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà rí. Kí ló kàn án pẹ̀lú abẹ́rẹ́? Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, abẹ́rẹ́ họ àwo náà gbọọrọ. Mùdáṣírù di orí mú. Ó lè dì í bẹ́ẹ̀, kó ní ọkọ̀ òfuurufú ló ṣe é. Ó wo fóònù, ó wo Màmá, ó sì kọ̀wé pé: "Ẹ má bínú. Àwo náà ti họ. Ìyá mi ló ń gbọ́ ọ."

Òyìnbó kò san owó mọ́. Ó tún kọ ẹ̀sùn sábẹ́ orúkọ Mùdáṣírù níbi tí gbogbo oníbàárà ti lè rí i, ẹ̀sùn àkọ́kọ́ láti ọdún márùn-ún: "Ó kéde àwo tí kò họ, ó sì lù ú títí ó fi họ." A kò lè pe òyìnbó ní òpùrọ́. Alùpùpù fò lọ, iyì ọjà sì bá a lọ.

Àmọ́ ẹ wá wo ibi tí àwo náà ti họ. Bó bá ti dé ibi orúkọ bàbá, abẹ́rẹ́ á há: "Àlàó, Àlàó, Àlàó," àfi bí ẹnì kan bá dìde gbé e. Mùdáṣírù fẹ́ gbé e, Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀. Nígbà tí àwo náà wà ní tuntun, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń pè é."

Mùdáṣírù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó gbọ́ nǹkan kan nínú ọjà tó ń tà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀yin ọmọ. Iye tí àlejò máa ra nǹkan kọ́ ni iye tí nǹkan jẹ́. Kí ẹ tó gbé ohun ilé yín lọ sí gbàǹjo, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń sọ. Ohun a bá ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.