Ìgbín Inú Ààrò

"Ẹ má tíì ṣáná o!" Amọ̀kòkò já ìṣáná gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. "Ìgbín tòótọ́ tí mò ń wò fi mọ àwọn ìgbín alámọ̀ tèmi wà láàárín wọn níbẹ̀!"

Ọkọ ki orí tòun ti fìlà bọ ẹnu ààrò. Ìgbín alámọ̀ ló tò lọ bẹẹrẹ, gbogbo wọn sá wọ ìkarahun, kò séyìí tó mira. Láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti ń mọ wọ́n ló ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n jọ.

"Ṣé ìyẹn náà lo ń pariwo lé lórí? Èmi lójú, jàre." Ó mú ọ̀kan jáde. "Òun nìyí! Wò ó, ó ń mí!"

Ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó tẹ́ ewé fún un, ó wá ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ àna. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ yọjú sí wa."

Amọ̀kòkò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ ni ojú rẹ̀ gòkè díẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín fẹ́ pa á.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Bu omi wá!"

Ó bu omi wá. Ọkọ rọra ń dà á lé ìgbín lórí.

"Ó ń yọrí! Ìyàwó mi, ó ń yọrí!"

Amọ̀ tí kò tíì rí iná ti ń yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń di ẹrẹ̀. Lórí fìlà rẹ̀, ìgbín tòótọ́ na ìwo jáde, ó ń wòran.